Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Àjàní

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn kúrò ní Sùdáànì gúnlẹ̀ sí Jẹ́dà, ní ọdún tí ogun Kàtúùmù bẹ́ sílẹ̀ nínú ààwẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ti to tábìlì sí etí èbúté. Wọ́n ń pín omi tútù fún àgbà, wọ́n ń fi òdòdó lé ọmọdé lọ́wọ́, àwọn oníròyìn sì ń ya fọ́tò. Jamaldeen Àyìnlá gba omi, ó yẹra fún fọ́tò. Bàtà ẹlòmíràn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìsọ̀ tùràrí àti òróró olóòórùn dídùn tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń tà nínú ọjà Omdurman ti jóná. Ìkámà rẹ̀, ìwé àṣẹ ìgbélùú Sáúdì, nìkan ló kù tí ó fi lè sọ fún aṣọ́bodè pé Mẹ́kà ni a bí òun sí, pé bàbá bàbá òun fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìwó wá sí ilẹ̀ náà, àti pé ilé ni òun ń bọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sharifa, ló wá pàdé rẹ̀. Àdúgbò Núsílà níhìn-ín ní Jẹ́dà ni ó ń gbé. Ó dì mọ́ ọn, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí èjìká rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọkọ̀ tó tẹ̀ lé èyí ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà wà, àbí?"

Jamaldeen wo bàtà ẹlòmíràn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Kò sí nínú ọkọ̀ kankan, Sharifa."

Sharifa jókòó sórí kọnkéré èbúté bí ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohun tó ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló jókòó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nígbà tó dìde, kò sunkún mọ́. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ju kí a ṣe é níṣẹ́ abẹ lọ. Ìdúró tó ń dúró de Bọ̀ọ̀dá Àgbà ló gbé e ró. Bí a bá yọ ọ̀pá yẹn, ilé á wó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìmọ̀ irọ́ náà nínú takisí, lójú ọ̀nà tó lọ láti Jẹ́dà sí Mẹ́kà, lọ́nà tí àwọn ẹlòmíràn tó ń lọ jọ́sìn ti ń ké làbáíkà.

Ìyá wọn, Àlàájà Múríkàtù Àníkẹ́, ń gbé ní àdúgbò Nákáásà ní Mẹ́kà, ní ẹ̀gbẹ́ òkè, nínú ọ̀kan lára díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú àwọn ilé tí ìjọba ti ń wó. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tó kọjú sí fèrèsé, àpótí rẹ̀ sì wà ní ìtòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè máa bá a nígbàkígbà tó bá là.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí àpótí náà jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé dúkìá ni à ń jà lé lórí. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Mẹ́kà láyé àtijọ́ kò ní ìdánilójú pé àwọn yóò padà rí ilé. Nítorí náà, bí wọ́n bá dé, aṣọ tí a ó fi sin wọ́n ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà. Wọn a rì í bọ omi mímọ́ Sàmúsámù, wọn a sá a sórí òrùlé, wọn a fi káńfọ̀ sí i, wọn a sì tì í mọ́ inú àpótí. Ilé Múríkàtù fi òfin tiwọn kún un. Ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé ọ wá, òun ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ, yóò sì búra pé ẹlòmíràn kò ní fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rò ó wò yóò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ ikú ìyá rẹ̀ kiri kò lè gbàgbé àtipadà wálé. Abdulghani Àjàní, àkọ́bí, ni Múríkàtù fi okùn awọ so tirẹ̀ kọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ọ̀dọ́. Ó gbé e lọ sí Omdurman, ó gbé e bọ̀ lọ́dọọdún.

Jamaldeen kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ta nì yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Jamaldeen."

"Àyìnlá!" Ohùn obìnrin náà kéré, ṣùgbọ́n oríkì kò ṣìnà lẹ́nu rẹ̀. "Àyìnlá, ọmọ arìnnà-má-rẹ̀, ọmọ ẹsẹ̀-gba-iyanrìn-kò-rì. Ogun kò jẹ ọ́. Súnmọ́ mi kí n fọwọ́ kàn ọ́. O ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá ní ìlú Mòpátì. Àjàní ńkọ́?"

"Ó ń dúró de físà ní Pọ́ọ̀tù Sùdáànì, Ìyá. Èrò pọ̀ níbẹ̀."

"Èrò pọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó pa ojú dé. "Ogun ni. Bí ó bá dé, kí ó wá jókòó ti àpótí mi. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣí i."

Láti ọjọ́ náà lọ, Jamaldeen ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń kán omi sí i lẹ́nu, ó ń yí i nídùbúlẹ̀, ó sì ń mú ìròyìn irọ́ wá láti Pọ́ọ̀tù Sùdáànì: lónìí wọ́n ti pe orúkọ Àjàní, lọ́la wọ́n ní kó padà wá. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́, ó ń dúpẹ́. Àmọ́ ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, títí tí Sharifa fi kó ẹrù wá láti Jẹ́dà, tí wọ́n sì jókòó ní ilé ìdáná láti gbìmọ̀.

Àwọn mẹ́ta ni. Ẹnì kẹta wọn ni Abdulrafiu, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n Múríkàtù láti Ìwó, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà tó sì ń sùn nínú yàrá iwájú. Ó mọ ìwé, kò sì fẹ́ràn kí àríyànjiyàn kọjá kó má dá sí i.

Sharifa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Bí Màmá bá kú ní Àsùbáà, kí Àìlà tó tán a ó ti kirun sí i lára ní Háráámù, ní mọ́sálásí ńlá. Ìlú yìí kì í fi òkú sílẹ̀. Ìgbà wo la fẹ́ máa fọ́ àpótí? Nígbà tí òkú bá wà nílẹ̀, tí àwọn obìnrin tí yóò wẹ̀ ẹ́ bá ń wò wá?"

"Ní ti òfin," ni Abdulrafiu wí, "kò sí dandan nínú aṣọ kan pàtó. A lè ra kafani tuntun nísàlẹ̀ òkè."

"Àáfà, ìwọ ni yóò wí fún un?"

"Mi ò ní kí a wí fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tó tọ́ àti ohun tó di dandan. Ọ̀nà mélòó kan sì ni àwọn onímọ̀..."

"Yà Salaam! Abdulrafiu, bí a bá bi ọ́ bóyá ilẹ̀ ti mọ́, o ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ gbà wò ó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Màmá fi fọ aṣọ yẹn. Òun ni a ó fi wé e. Khalaas."

Abdulrafiu rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà fún un. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn kalẹ̀. "Ìbúra ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wa búra pé ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kan àpótí náà. Èrò tèmi ni pé ìbúra náà dè é nígbà ayé rẹ̀, ó sì ti bá a lọ sí sàréè, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀."

"Kò sí lọ́rùn rẹ̀," ni Jamaldeen wí.

Àwọn méjèèjì wò ó. Títí di ìgbà náà, ohun tí ó ti sọ fún wọn kò ju pé ìbọn ló pa ẹ̀gbọ́n òun ní ọ̀nà Ṣẹ́ńdì.

Ó wá sọ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti há mọ́ inú ilé ní Omdurman, tí ọta ń fò kọjá lórí òrùlé tí omi ẹ̀rọ sì ti dá, wọ́n rí ọkọ̀ akérò kan wọ̀. Ní ọ̀nà Ṣẹ́ńdì, àwọn abìbọn kan dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n ní kí ọkùnrin bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba owó. Nígbà tí wọ́n fa ọrùn aṣọ Abdulghani ya, kọ́kọ́rọ́ yọ síta: irin ńlá, ti àtijọ́, irú èyí tí ojú ọ̀kánjúà kò lè rí kó má rò pé wúrà ló ń ṣọ́.

"Wọ́n bi í pé àpótí wo ló ṣí. Ó ní ti ìyá òun ní Mẹ́kà. Wọ́n bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní aṣọ tí a ó fi sin ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ kó sì máa lọ. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ ọ fún wọn. Irin ni.' Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ àìmọ́. Ó ní, 'Àyìnlá, mo búra.' Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yìnbọn fún un. Wọ́n sì já okùn náà lọ."

Ìkòkò tíì hó títí omi inú rẹ̀ fi tán, Sharifa sì pa iná rẹ̀ láìwò ó.

"Nítorí náà," ni Jamaldeen wí, "bí Màmá bá tilẹ̀ gbọ́ pé ó kú, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó pa á. Ikú ọmọ lè jẹ́ ti Ọlọ́run. Èyí, yóò kà á sí ẹ̀bi ara rẹ̀."

Abdulrafiu rọra ní, "Irọ́ wúwo ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n, ju bó ti wúwo ní ibòmíràn lọ. Àmọ́ wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ níbi mélòó kan. Ogun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn."

"Ṣé ogun lèyí?"

"Mi ò mọ̀," ni Abdulrafiu wí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dó ti àpótí náà. Igi tíìkì ni, èyí tí àwọn ará Íńdíà gbé wọ Jẹ́dà láyé ìgbà kan. Ìṣó idẹ bo ojú rẹ̀ bí àgbàdo ṣe bo ṣúkù. Wọn kò lè pe oníkọ́kọ́rọ́ láti àdúgbò Hindawíyà, nítorí Múríkàtù yóò bèèrè ẹni tí ó jẹ́. Wọ́n dúró de àkókò tí oògùn ọ̀sán máa ń mú un sùn. Jamaldeen fi òróró sí ihò àgádágodo, ó fi wáyà tí ó tẹ̀ nímú wá inú rẹ̀. Nǹkan kan ń mì nínú lọ́hùn-ún ṣùgbọ́n kò yí. Ó fi ọ̀bẹ gbìyànjú láàrin ìdérí àti ara àpótí, ọ̀bẹ ṣẹ́. Bí ó bá fi ààké sí i, yóò ṣí, ṣùgbọ́n ìyá tó bá jí yóò bá ẹ̀rún àpótí rẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kéde ikú.

Sharifa ló dọ̀bálẹ̀, tó fi iná fóònù wo ẹ̀yìn àpótí náà lára ògiri. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wò ó. Iwájú nìkan ló ní àgádágodo."

Òótọ́ ni. Odi tí a kò lè gba ẹnu ibodè rẹ̀ wọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò. Irin méjì ló so ìdérí mọ́ àpótí lẹ́yìn, èyí tí káfíńtà ń pè ní ínjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Bí a bá ti ìṣó sí ìdí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, tí a sì fi òòlù gbá a, yóò yọ, ìdérí yóò sì ṣeé gbé láti ẹ̀yìn láìfọwọ́ kan àgádágodo. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ariwo òòlù.

"Àsárì kò ní pẹ́ mọ́," ni Abdulrafiu wí. "Mọ́sálásí pọ̀ lórí òkè yìí. Bí gbogbo wọn bá ń pe ìrun lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ òòlù." Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ojú tì í.

Wọ́n rọra fa àpótí kúrò lára ògiri. Nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀, tí òmíràn dá a lóhùn, tí gbogbo òkè Nákáásà sì kún fún ìpè, Jamaldeen gbá ìṣó náà. Irin kìíní yọ. Ó yí sí èkejì. Ó gbé òòlù sókè.

"Àyìnlá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Má fi ìpè Ọlọ́run bo iṣẹ́ rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. Ojú rẹ̀ là kedere, ó sì jọ pé ó ti là tipẹ́. "Jẹ́ kí wọ́n pè é tán. Lẹ́yìn náà kí o gbá a, kí gbogbo ilé gbọ́."

Wọ́n dúró. Ìpè náà parí ní mọ́sálásí kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tí ìdákẹ́jẹ́ fi dé.

"Ìyá," ni Jamaldeen wí.

"Ọjọ́ tí o wọlé ni mo ti mọ̀. Láti kékeré ni ẹjọ́ Àjàní kò ti í tán lẹ́nu rẹ. Àjàní jẹ ẹran mi, Àjàní gba iwájú ìsọ̀, Àjàní ń pàṣẹ fún mi bí ẹrú. Nínú fóònù pàápàá, ẹjọ́ ni o fi ń kí mi. O wá dé láti ojú ogun, o jókòó tì mí láti ọjọ́ yìí, o kò fi ẹ̀gbọ́n rẹ sùn lẹ́ẹ̀kan." Ó mí. "Òkú nìkan ni ọmọ ìyá ẹni kì í ní ẹjọ́ sí."

Sharifa fi ìbòrí bo ojú rẹ̀.

"Mo jẹ́ kí ẹ máa purọ́ náà nítorí ó dùn mọ́ mi," ni ìyá wọn wí. "Mo ń rí i níbi tó tò sí fún físà, tó ń bínú. Gbá irin rẹ, Àyìnlá."

Ó gbá a. Wọ́n gbé ìdérí láti ẹ̀yìn, àgádágodo sì dúró ní títì bí aṣọ́bodè tí ogun ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Òórùn káńfọ̀ kún yàrá. Kì í ṣe aṣọ kan ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin ni: ti ìyá, àti ti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ kálukú ni bàbá wọn ti fi tàdáwà kọ sí etí aṣọ rẹ̀ kí òun náà tó kú. Jamaldeen rí orúkọ tirẹ̀. Ó rí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè, nítorí ìyá wọn ti tò wọ́n bí ó ti bí wọn.

"Kí lẹ fi wé e?" ni Múríkàtù bèèrè.

"Aṣọ fèrèsé, Ìyá. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ já a fún wa. Àgbàlá rẹ̀ la sin ín sí, lábẹ́ igi dóńgóyárò."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Ó pupa díẹ̀. Ó ní òdòdó lára."

Ó ronú sí i, ó mi orí. "Ẹ gbé ti Àjàní fún Abdulrafiu. Kí ó gbé e lọ sí Jẹ́dà. Nínú àwọn tí ọkọ̀ ń kó dé, ẹnì kan yóò kú tí kò ní ẹnìkan. Ẹ fi wé e. Aṣọ fèrèsé obìnrin yẹn ni mo ń san." Abdulrafiu gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Àyìnlá, kí ló pa á?"

"Ọta tó ṣìnà ni, Ìyá. Kò sẹ́ni tó dojú rẹ̀ kọ ọ́. Kò sì pẹ́ nínú ìrora."

"Kọ́kọ́rọ́ mi ńkọ́?"

Nínú yàrá náà, ẹni mẹ́ta ló mọ òtítọ́, ẹni kan ló sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dá Jamaldeen lẹ́bi yóò rí ìdí púpọ̀: pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni, pé ẹni tó ń kú lọ kò yẹ ní ẹ̀tàn, pé akọni ni ẹni tó pa ìbúra mọ́ tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án, àti pé irọ́ yìí ń gba ìyìn Àjàní lọ́wọ́ rẹ̀. Jamaldeen mọ gbogbo wọn. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ funfun náà, ọwọ́ tó so okùn awọ yẹn mọ́ ọrùn Àjàní.

"Ó wà lọ́rùn rẹ̀, Ìyá. A sin ín mọ́ ọn."

"Alhamdulillah," ni Múríkàtù wí. "Ó dára. Kò sí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu nítorí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn èyí kò pọ̀. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ní ìyálẹ̀ta, àwọn obìnrin sì fi omi Sàmúsámù wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n kirun sí i lára, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tó bá kú ní Mẹ́kà. Wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú Mà'álà.

Jamaldeen ló sọ̀kalẹ̀. Àyè náà há, iyanrìn rẹ̀ sì gbóná. Ó gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó yí ojú rẹ̀ sí Kíbúlà, ó tú ìdè aṣọ náà níbi orí. Ó yẹ kí ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí i, títí ẹnu rẹ̀ fi kan aṣọ náà níbi tí etí wà.

"Ìyá," ni ó wí, "wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yín. Wọ́n ní kó bọ́ ọ, kò bọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ ọ. Ó ní òun búra fún yín."

"Yallah, yà Haaj," ni awasàréè ké láti òkè. "Jáde. Òkú mìíràn ń dúró."

Jamaldeen na ọwọ́ sókè, wọ́n sì fà á jáde.